Inú Eegun Ni Ilé Ẹ̀jẹ̀

Ní òde ìnáwó, bí wọ́n bá ti gbé ẹran dé, a kì í ṣàìrí àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò sí lára ibi tó rọ̀. Eegun ló ń wá. Yóò gbá a mọ́ etí àwo, yóò fẹnu sí i, yóò sì fa ohun tó wà nínú rẹ̀. Mùdùnmúdùn nìyẹn. Adùn rẹ̀ la mọ̀, ọ̀pọ̀ wa kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá bi àwọn tó yí tábìlì yẹn ká léèrè pé níbo ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan yóò ní inú ọkàn ni, òmíràn yóò ní ẹ̀dọ̀ ni, ẹnì kẹta yóò sì nawọ́ sí ìgò mọ́ọ̀tì tó wà níwájú rẹ̀. Ekukáká ni ẹnì kan yóò fi nawọ́ sí eegun tí bàbá ń fà lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tọ̀sán-tòru, láìsí ìsinmi. Àlàyé yìí yóò tọ ẹ̀jẹ̀ láti ibi tó ti ń ṣẹ̀ títí dé ibi tó ń kú sí, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wá kò lè mọ ìdí tó fi ń dín. Owó rẹ̀ yóò kàn máa bá ìgò lọ ni.

Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó bíi lítà 5; ti ẹlòmíràn dín, ti ẹlòmíràn lé, bí ara kálukú bá ṣe tóbi tó. Bí wọ́n bá fa díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí i, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀, yóò tòrò gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń tòrò nínú ike. Omi yóò wà lókè, ohun tó wúwo yóò lọ sísàlẹ̀. Omi òkè náà, tó ní àwọ̀ ìyeyè, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní pílásímà. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń gbé oúnjẹ, iyọ̀ àti ìdọ̀tí ara kiri. Ohun tó lọ sísàlẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn wóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí.

Ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò pé PCV. Bí wọ́n bá kọ 40 fún ọ, ìdá 40 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ ni sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí wọ́n bá kọ 20, ògì ti tán nínú omi.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ fún gbogbo ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ẹ̀kẹta kéré ju àwọn méjèèjì lọ, ó sì rí pẹlẹbẹ. Òun ló ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Platelet ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Níhìn-ín, a ó máa pè é ní adẹ́jẹ̀dúró. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju mílímítà kan lọ ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, sẹ́ẹ̀lì pupa tó bíi mílíọ̀nù 5, adẹ́jẹ̀dúró jẹ́ 150,000 sí 400,000, sẹ́ẹ̀lì funfun sì jẹ́ 4,000 sí 11,000.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é

Ọkàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga lọ sínú táńkì ni ọkàn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀rọ ló dá omi. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú iṣan náà kò lè bí irú ara rẹ̀. Láti òde ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí rú àwọn oníṣègùn pàápàá lójú fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1868 ni Ernst Neumann, oníṣègùn kan ní ìlú Königsberg tó wà lábẹ́ ìjọba Prọ́ṣíà nígbà náà, fún omi jáde nínú mùdùnmúdùn eegun, tó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, tó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó. Ní ọdún kan náà, Giulio Bizzozero rí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń fà jẹ láti ayébáyé wá di ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Oríṣi mùdùnmúdùn méjì ló wà. Èyí tó wà nínú eegun ẹsẹ̀ màlúù tí bàbá ń fà, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi funfun tó sì ń yọ̀ lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tó ti ti ìlẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń gé eegun ìhà tàbí eegun ẹ̀yìn ẹran rí yóò ti ṣàkíyèsí pé inú rẹ̀ pupa. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bákan náà ló rí lára ènìyàn. Gbogbo eegun ọmọ tuntun ló kún fún mùdùnmúdùn pupa. Bí ó ti ń dàgbà, ọ̀rá ń gba ipò nínú eegun ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, títí iṣẹ́ yóò fi kù sínú eegun ìbàdí, eegun ẹ̀yìn, igbá àyà, ìhà, agbárí, àti òkè eegun itan àti ti apá. Nítorí náà ni dókítà tó fẹ́ yẹ mùdùnmúdùn àgbàlagbà wò fi ń gún abẹ́rẹ́ sí eegun ìbàdí láti ẹ̀yìn.

Ẹni tó dáhùn pé ẹ̀dọ̀ ni kò kúkú jẹ̀bi tán. Kí eegun tó le nínú oyún ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, àpò kékeré kan tó so mọ́ ọlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀ ọmọ gba iṣẹ́, ó sì di í mú fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí mùdùnmúdùn fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó bí ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ti ṣe alága rí. Sáà rẹ̀ ló ti parí.

Èbù tí kì í tán

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ wo àgbẹ̀ tó wa iṣu. Kì í jẹ gbogbo rẹ̀. Yóò ya èbù sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó bá sè èbù rẹ̀ jẹ, oko rẹ̀ ti parí.

Mùdùnmúdùn náà ní èbù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí a lè pè ní ìyá sẹ́ẹ̀lì. Wọn kò pọ̀, wọn kì í kánjú, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sùn ni. Bí ọ̀kan bá jí, yóò pín sí méjì: èyí kan lè padà sípò ìyá, kí èkejì sì mú ọ̀nà pọ̀n, kó di ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde fún ọgọ́rin ọdún láìjẹ́ pé ìyá tán nìyẹn.

Ìyá sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń bí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí amọ̀ kan náà ṣe ń di ìkòkò, àwo àti àtùpà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1961, James Till àti Ernest McCulloch ní ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn inú àwọn eku, wọ́n wá fa mùdùnmúdùn eku mìíràn sí wọn lára. Koko kéékèèké yọ nínú àwọn eku náà, wọ́n sì rí i pé koko kọ̀ọ̀kan ti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wá, bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú koko kan.

Nítorí pé èbù ni, ó ṣeé gbìn sí oko ẹlòmíràn. Bí mùdùnmúdùn ẹnì kan bá bàjẹ́, wọ́n lè gba ìyá sẹ́ẹ̀lì lára ẹni tí ara wọn bá mu, kí wọ́n fà á sí i nínú iṣan bí ẹni fa omi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò fúnra wọn wá ọ̀nà dé inú eegun. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìlú Benin ní Nàìjíríà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2011 fún ọmọ kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń di odindi

Láti ìgbà tí ọmọ ìyá sẹ́ẹ̀lì bá ti gba ọ̀nà pupa, iṣẹ́ tó kù tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ náà máa ń pagbo yí sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ká, tó ń tọ́ wọn bí ìyá àgbà tó jókòó sáàárín ọmọ-ọmọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọn yóò máa pín: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Láti pín, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ àṣẹ ìbí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe àdàkọ yìí ni fólétì inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, pẹ̀lú fítámì B12 inú ẹran, ẹja àti ẹyin. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì yóò wú láìpín, wọn yóò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, wọn yóò sì kéré níye.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kún fún haemoglobin, èròjà tó ń di ọ́síjìn mú. Irin ló wà láàárín haemoglobin. Irin tí à ń wí yìí, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ni, àfi pé ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bí irin bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì á kéré, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá bí aṣọ tí aró kò mu dáadáa.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ló yani lẹ́nu jù. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò ti kókó tó wà láàárín rẹ̀ jáde, ìyẹn ibi tí gbogbo àṣẹ ìbí wà. Sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń tọ́ wọn yóò gbé kókó náà mì. Kí nìdí? Ẹ ti rí awakọ̀ tó tú gbogbo àga inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó lè ráyè kó àpò gàrí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi gbogbo inú rẹ̀ di haemoglobin. Ìrísí rẹ̀ á wá dà bí àwo tí àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ó rọ̀, ó lè ká ara rẹ̀ kò láti gba inú iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Bí a bá to 130 wọn sórí ìlà, wọn kò ní í ju mílímítà kan lọ.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí kò ní àga kò lè kó èrò mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti sọ kókó rẹ̀ nù kò lè bímọ, kò sì lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ó wọ inú iṣan lọ, ó fi ọjọ́ kan tàbí méjì gbó tán, ó sì ń bá ẹrù rírù lọ títí yóò fi gbó jù. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni ìgbà ayé rẹ̀. Láti dí àyè àwọn tó ń kú, mùdùnmúdùn àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lóòjọ́, ó sún mọ́ bílíọ̀nù 200.

Ta ló ń pàṣẹ?

Mùdùnmúdùn kì í dá ṣe ìpinnu. Kíndìnrín ló ń wò ó fún un. Bí ọ́síjìn tó ń dé inú kíndìnrín bá dín, ìbáà ṣe pé ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀ tàbí pé ènìyàn gun orí òkè gíga níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, kíndìnrín yóò tú họ́móònù kan sínú ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ erythropoietin. Bí họ́móònù yìí bá dé mùdùnmúdùn, ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá tẹ ìyá alákàrà láago pé àkàrà ti tán: epo á tún gbóná. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti pọ̀ tó, tí ọ́síjìn sì ń dé déédéé, kíndìnrín á dẹwọ́. Ní ọdún 2019, William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza gba ẹ̀bùn Nobel lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn dín.

Ibí ni a ti mọ ìdí tí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ kì í fi í ní ẹ̀jẹ̀ tó. Oúnjẹ lè pé, eegun lè le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́. Irú họ́móònù yìí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ oògùn ni wọ́n ń gún sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lára.

Àwọn ọmọ ogun àti àwọn adẹ́jẹ̀dúró

Sẹ́ẹ̀lì funfun kì í ju kókó rẹ̀ nù, nítorí ọgbọ́n ogun ló ń lò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, neutrophil, ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí ẹ̀gún gún ni. Ìgbà ayé rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kúrú gan-an, nítorí náà mùdùnmúdùn ń ṣe é ní ọ̀kẹ́ àìmọye lójúmọ́, ó sì ń tọ́jú púpọ̀ pamọ́ de ọjọ́ ìjà. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ń pè ní lymphocyte, ń rántí ọ̀tá tí wọ́n ti bá pàdé rí. Agbára ìrántí yìí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lò. Apá kan nínú wọn máa ń kúrò nínú eegun lọ gba ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀yà kan tó wà lẹ́yìn igbá àyà, kí wọ́n tó bọ́ sójú ogun.

Ó yẹ kí àwọn tiwa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà mọ ohun kan. Iye neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá máa ń kéré sí ti àwọn òyìnbó, kì í sì í ṣe àìsàn. Bí ìwé àyẹ̀wò bá fi hàn pé tìrẹ kéré díẹ̀, tí ara rẹ sì le, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá irú èyí ni.

Adẹ́jẹ̀dúró kì í tilẹ̀ ṣe odindi sẹ́ẹ̀lì. Àfọ́kù ni. Sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan wà nínú mùdùnmúdùn tó ń na apá rẹ̀ wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kọjá a sì máa já apá náà wẹ́wẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè fọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún adẹ́jẹ̀dúró. Ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n ń lò láyé. Họ́móònù tó ń pàṣẹ tiwọn, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u jáde jù.

Ikú sẹ́ẹ̀lì, àti irin àlòkù

Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti gbó, ara rẹ̀ á le, kò ní í lè ká kò mọ́. Ẹ̀yà kan wà lábẹ́ ìhà òsì, tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, tí ọ̀nà inú rẹ̀ há púpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ti gbó. Ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀ náà ń bá a mú wọn. Sẹ́ẹ̀lì ajẹgbin yóò gbé wọn mì, yóò sì tú haemoglobin wọn palẹ̀. Apá kan rẹ̀ á di èròjà ìyeyè tí ẹ̀dọ̀ ń dà sínú ìfun. Òun ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyeyè yìí á yọ sí ojú, a ó sì ní ẹni náà ní ibà pọ́njú.

Irin ńkọ́? Ara kì í jù ú nù. Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ kì í da ọkọ́ tó ti ya sígbó. Yóò sọ ọ́ padà sínú iná, yóò rọ ọ́ di tuntun. Mùdùnmúdùn ń lo bíi mílígíráàmù 20 sí 25 irin lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara àgbàlagbà ń gbà wọlé nínú oúnjẹ ọjọ́ kan. Gbogbo ìyókù, irin àlòkù ni. Kí ẹ jọ̀wọ́ di iye yìí mú, nítorí òun ló máa tú àṣírí púpọ̀ nínú ohun tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dín

Bí a bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà wá, ọ̀nà tó ń gbà dín kò le mọ́.

Èkíní, èròjà lè wọ́n: irin, fólétì tàbí B12. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ tí wọ́n fi ògì lásán tọ́ àti lára obìnrin tó ń bímọ léraléra. Aboyún tún ní ti ara rẹ̀: omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ ju bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lọ, bí ọbẹ̀ tí a bu omi kún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un ní irin àti fólétì ní ilé ìwòsàn.

Èkejì, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Nǹkan oṣù tó pọ̀ jù, jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, egbò inú, aràn tó so mọ́ ìfun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sóde kò lọ nìkan, ó gbé irin tirẹ̀ dání, alágbẹ̀dẹ kò sì rí àlòkù rọ.

Ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì lè máa fọ́ lọ́jọ́ àìpé. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó ń bímọ síbẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ jáde lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 48. Ti fòníkú-fọ̀ladìde tún yàtọ̀. Níbẹ̀, àṣẹ ìbí ló yí padà níbi kan ṣoṣo, haemoglobin sì ń so pọ̀ mọ́ra nígbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á wá tẹ̀ bí dòjé. Dípò 120 ọjọ́, ó lè má lò ju 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ya ọ̀lẹ o. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, àwọn tó ń kú ló ń yára jù ú. Haemoglobin tí ọmọ fi ń wà nínú oyún kì í tẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ pọ̀ lára ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, ọmọ lè dán fún oṣù mẹ́fà kí àìsàn tó yọjú. Àwọn onímọ̀ gbà pé lára àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa pè ní àbíkú, irú wọn wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó ń pàṣẹ fún un lè bàjẹ́: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín tó kọṣẹ́, ìtànṣán, oògùn kan. Benzene tó wà nínú pẹtiróòlù wà lára ohun tó ń ba mùdùnmúdùn jẹ́. Kí àwọn tó ń fi ẹnu fa pẹtiróòlù nínú rọ́bà rántí.

Àwọn ohun tí a gbọ́ lódì

*“Ohun pupa ló ń di ẹ̀jẹ̀.”* Sobo, tòmátì inú agolo, omi poroporo ọkà bàbà: àwọ̀ wọn ló ń tàn wá. Haemoglobin ló mú ẹ̀jẹ̀ pupa, kò sì sí i nínú sobo. Bí ewé kan bá ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lóore, èròjà inú rẹ̀ ni, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ewé ugu àti tẹ̀tẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì ní fólétì àti irin. Bí àwọ̀ bá ń di ẹ̀jẹ̀ ni, ọbẹ̀ ata nìkan ì bá ti tó wa.

*“Mu mọ́ọ̀tì àti mílíìkì, ẹ̀jẹ̀ á pé.”* Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú mọ́ọ̀tì. Irin inú mílíìkì kò tó nǹkan, káṣíọ̀mù inú rẹ̀ sì ń dí irin oúnjẹ mìíràn lọ́nà. Tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ìgbín, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ tí a kò bọ̀ jù ló ní èròjà tí à ń wá. Bí a bá fi ọsàn lé e, irin inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà á túbọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí mílígíráàmù 1 sí 2 yẹn. Oúnjẹ kan kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, àní oògùn irin pàápàá ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

*“Oògùn ẹ̀jẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.”* Ara kò ní ọ̀nà tó ń gbà da irin tó bá pọ̀ jù sóde. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fọ́ tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́, lè ti ní irin jù. Fólétì ni wọ́n sábà ń fún un. Kò gbọ́dọ̀ mu oògùn irin láìjẹ́ pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó nílò rẹ̀.

*“Ẹ̀jẹ̀ mi ríru, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù.”* Orúkọ àìsàn náà ló ṣi wá lọ́nà. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe iye sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́ lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

*“Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ti yí i padà.”* Àlejò ni ẹ̀jẹ̀ tí a gbà. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin, gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ á ti kú, àwọn tí mùdùnmúdùn onílé ń ṣe yóò sì ti gba àyè wọn. Ìdí kan náà ni kò fi sí ohun mímu tó lè sọ SS, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, di AA tí kò ní in: ìyá sẹ́ẹ̀lì inú eegun ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe?

Bí ara bá ń rẹ̀ ọ́ ṣáá, tí àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú rẹ funfun, tí o kò lè gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle, má ṣe béèrè ohun tí wàá mu. Béèrè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dín. Lọ ṣe àyẹ̀wò, kí o sì bi dókítà léèrè pé èwo nínú mẹ́rin ni: ṣé èròjà ló wọ́n, ṣé ó ń dà, ṣé ó ń fọ́, àbí ilé iṣẹ́ ló ní ìṣòro? Ẹni tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń ra ìgò, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Bí ara rẹ bá sì le, má bẹ̀rù láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Omi rẹ̀ yóò padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì; sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Kíndìnrín á ránṣẹ́, èbù á jí nínú eegun. Ohun tí ilé iṣẹ́ kankan kò tíì lè ṣe tó fún gbogbo ilé ìwòsàn ni eegun rẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé yìí.